Igi Èṣí

Fóònù Murray ló dún, kì í ṣe tirẹ̀. Glenys ń to páì ẹran sínú óòfù ilé oúnjẹ ilé ìwé lọ́wọ́, ó ku bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí àwọn ọmọ tú síta. Ó nu ọwọ́, ó yọ fóònù náà lápò épírọ́ọ̀nù rẹ̀. Láti oṣù Kejì tí wọ́n ti sin ọkọ rẹ̀ ló ti ń gba iná sí i láràárọ̀, tó sì ń gbé e káàkiri. Kò sẹ́ni tó bi í ní ìdí rẹ̀, òun náà ò sì bi ara rẹ̀.

"Murray, ìwọ ọ̀lẹ yìí," ohùn àgbàlagbà obìnrin kan sọ. "Àáké tuntun ti dé o. Èyí tó o ṣẹ́ lọ́rùn léṣìí, mo ti fi èèkù ẹ̀ dáná. Ilé kẹta ń retí ẹ, ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Keje, bíi ti tẹ́lẹ̀. Sọ fún ìyàwó ẹ kó má gbàgbé kéèkì mi."

"Ìyàwó ẹ̀ lẹ ń bá sọ̀rọ̀," Glenys ní. "Murray ti kú, mà. Oṣù Kejì ni. Abẹ́ ilé aládùúgbò wa ló wà, ó ń tún páìpù omi ṣe. Ọkàn ẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀."

Ajá kan ń gbó lẹ́yìn obìnrin náà. Ó gbó títí, ó sì dákẹ́ fúnra rẹ̀.

"Noelene lorúkọ mi," ó sọ níkẹyìn. "Èmi ni mo ni ilé ìsinmi tó wà létí Adágún Ansell. Ẹ má bínú. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa lókè níbí." Lẹ́yìn náà, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó ní, "Ta ló wá máa la igi báyìí?"

"Igi wo?"

"Ẹ má dá mi lóhùn. Ṣé kí n fún ẹlòmíràn ní ọ̀sẹ̀ yẹn?"

"Ẹ jẹ́ kí n pè yín padà."

Ó ti ilẹ̀kùn óòfù. Nígbà tí àwọn ọmọ dé, ó pín páì fún wọn, ó ń fi ọbẹ̀ tòmátì sí ti ẹni tó bá fẹ́. Ọmọbìnrin kan sọ fún un pé ó ti fi ọbẹ̀ sí tòun lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní kó máa gbé e lọ.

Fún ọdún mẹ́tàdínlógójì tí wọ́n fi jẹ́ tọkọtaya, kò sí oṣù Keje kan tí Murray ò fi ilé sílẹ̀ fún odindi ọ̀sẹ̀. Á ju ọ̀pá ìpẹja sẹ́yìn ọkọ̀, á gbé kéèkì jíńjà tí Glenys bá yan fún un síwájú, á ní òun ń lọ pẹja lórí òkè. Bẹ́ẹ̀, ọmọ ọdún méje ní New Norfolk, ìlú wọn, mọ̀ pé wọn kì í jẹ́ kí ènìyàn pẹja nínú adágún bí irú ìyẹn láàárín òtútù, oṣù Keje sì ni òtútù mú jù lọ́dọ̀ wọn. Glenys náà mọ̀. Lọ́dún kejì ìgbéyàwó wọn ó fi ṣe àwàdà, ó ní, "Ṣé ẹja tibẹ̀ ò tíì gbọ́ pé ẹ ti fún wọn ní ìsinmi ni?" Murray rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì jáde lọ fọ ọkọ̀ tó fọ̀ lánàá. Glenys ò tún bi í mọ́. Ó gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ọ̀sẹ̀ kan lọ́dún ni ọkọ òun fi ń sinmi kúrò lọ́dọ̀ òun. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ńlá. Ó kàn wà lára rẹ̀ ṣá, bí ẹ̀gún tó ti wọ abẹ́ awọ, téèyàn máa ń gbàgbé àfi bí nǹkan bá kàn án.

Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni Murray. Púlọ́ńbà ni, kì í pariwo, kì í pẹ́ níta. Ìwà rẹ̀ kan ṣoṣo ló máa ń bí Glenys nínú, ìyẹn ni ti ìṣáná. Bó bá lo páálí ìṣáná, kì í pa á dé. Á fi í sílẹ̀ ní ṣíṣí dé ìdajì, á sì fa ẹyọ igi kan yọ síta bí ahọ́n. Glenys á tì í padà. Bó bá di ọjọ́ kejì, á tún bá a ní ṣíṣí. Ọdún mẹ́tàdínlógójì ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀, tẹ́nì kankan nínú wọn ò borí.

"Ẹ̀yin nìkan, Mọ́mì?" Bronwyn, ọmọ wọn tó ń gbé ní Hobart, ló béèrè bẹ́ẹ̀ lórí fóònù ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. "Nínú oṣù Keje? Lórí òkè?"

"Òun nìkan ni bàbá ẹ náà ń lọ."

"Dádì mọ bí wọ́n ṣe ń wakọ̀ lórí yìnyín. Ẹ̀yin, bí ìrì bá dì sí gíláàsì ọkọ̀ lásán, ẹ ó ní ara yín ò yá."

"Mo ti ra ṣéènì tí wọ́n ń dè mọ́ táyà fún yìnyín."

"Mọ́mì, ṣé obìnrin lẹ rò pé ó ní síbẹ̀ ni?"

"Mo ti gbọ́ ohùn ẹ̀. Yóò tó ẹni ọgọ́rin ọdún. Bó bá jẹ́ òun ni, á jẹ́ pé kéèkì mi ló ń fẹ́, kì í ṣe bàbá ẹ."

Bronwyn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà yí padà lẹ́nu rẹ̀, ó di ẹkún. Ìyá rẹ̀ dúró dè é títí ó fi fun imú.

"Kí wá lẹ fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?"

"Mo fẹ́ mọ ohun tó ń sá fún," Glenys ní. "Bó bá jẹ́ èmi ni, kí n mọ̀."

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Keje ni Glenys débẹ̀. Ilé onípákó márùn-ún ló wà létí omi, òrùlé páànù lórí gbogbo wọn, èéfín ń rú lórí méjì. Adágún náà rí bí irin. Etí rẹ̀ ti dì, àárín rẹ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀. Noelene jáde pàdé rẹ̀ nínú kóòtù ọkùnrin àti bàtà rọ́bà, ajá arúgbó kan ń tẹ̀ lé e. Kéèkì ló kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ Glenys, kó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wo ojú rẹ̀.

"Ó kéré ju bí mo ṣe rò lọ," ó ní.

"Kéèkì ni àbí èmi?"

"Ìwọ. Kéèkì dáa."

Ó mú un lọ sí ilé kẹta. Yàrá kan ni, bẹ́ẹ̀dì kan, tábìlì kan, àga méjì, fèrèsé tó kọjú sómi, àti ààrò onírin tí wọ́n ti to igi sínú rẹ̀, tó ku kí ènìyàn ṣá iná sí i. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò ni àpótí igi wà, ó kún dé ẹnu. Lórí ògiri, ẹnì kan ti fi irin gbígbóná kọ ọ̀rọ̀ sára pákó pé: FI ÀPÓTÍ SÍLẸ̀ NÍ KÍKÚN FÚN ẸNI TÓ Ń BỌ̀.

Kò sídìí láti kọ ọ́ fún Glenys. Níbikíbi tí ilé bá wà lórí òkè náà, òfin kan yìí ni wọ́n ń pa mọ́, ìbáà jẹ́ ilé olówó tàbí ahéré ọdẹ. Ènìyàn lè jẹ gbèsè, ó lè mutí, wọ́n á ṣì kí i. Ṣùgbọ́n bó bá kúrò nínú ilé òkè láìfi igi gbígbẹ sílẹ̀, orúkọ rẹ̀ ti tán. Ìtàn ọmọ Rigney sì wà níbẹ̀ tí àwọn ìyá fi ń bá ọmọ wí. Akẹ́kọ̀ọ́ ni, ọmọ ogún ọdún, ó ń fẹsẹ̀ rìn kọjá lórí òkè ní ọdún 1985. Ìjì yìnyín lé e wọ ilé kan, ó sì bá àpótí lófìfo. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó rí òkú rẹ̀.

"Jó o bó o ṣe fẹ́," Noelene ní, ó nawọ́ sí àpótí náà. "Igi èṣí ni. Gbígbẹ ni."

Ọjọ́ Àìkú kọjá, nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Glenys sùn títí ilẹ̀ fi mọ́ kedere, ó jẹ búrẹ́dì, ó jókòó sídìí fèrèsé. Wálábì kan, ẹranko tó ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn fò, wá sẹ́nu ọ̀nà, ó dúró bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ tó gbàgbé iṣẹ́ náà, ó bá tirẹ̀ lọ. Glenys ti rò pé òun máa sunkún níbí. Kò sunkún. Ariwo tó gbọ́ kò ju ti páànù lọ, bó ṣe ń ké nígbà tí òtútù bá mú un.

Lọ́jọ́ Ajé, yìnyín rọ̀. Ó ṣí ìwé àlejò tó wà lórí tábìlì. Àwọn ènìyàn kọ nípa òjò, nípa ẹja, nípa ọmọ wọn tó ṣubú sómi, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Noelene. Ní gbogbo oṣù Keje, ọ̀rọ̀ méjì péré ló wà níbẹ̀, ní ọwọ́ tó mọ̀ dáadáa: *Àpótí kún. M.* Ó ṣí ọdún kan sẹ́yìn, ó tún ṣí òmíràn. *Àpótí kún. M.*

Ó wọ bàtà, ó rìn yí ẹ̀yìn ilé ká. Àká gbọọrọ kan wà níbẹ̀ tí kò ní ògiri níwájú. Igi tí wọ́n ti là kún inú rẹ̀ láti ilẹ̀ dé òrùlé. Ó tò gún bí ìwé lórí pẹpẹ, orí kan kò yọ ju èkejì. Ẹnì kan fi ẹfun kọ ọdún èṣí sára òpó. Ìlà kékeré dábùú ẹsẹ̀ nọ́ńbà méjì, bí Murray ti máa ń kọ ọ́ lára rìsíìtì.

Igi tútù kì í jó. Èyí tí wọ́n bá là lọ́dún yìí, ẹ̀ẹ̀rùn kan gbọ́dọ̀ kọjá lórí rẹ̀ kó tó wúlò. Glenys dúró, ó ro ìyẹn. Lẹ́yìn náà ó wọlé, ó wo ohun tó kù nínú àpótí. Ọjọ́ méjì ló ti fi ń jó o, tó ń sọ ọ́ síná bí igi lásán. Kò tún sọ òmíràn sí i mọ́. Ó wọ kóòtù, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó jẹ́ kí iná kú.

Kò tó wákàtí méjì tí ilẹ̀kùn ṣí láìkanlẹ̀kùn. Noelene ni, ó ń mí gúlegúle, yìnyín wà lórí rẹ̀, ajá ò tilẹ̀ tíì bá a.

"Èéfín ẹ dà?" ó ní. Ojú rẹ̀ funfun. "Mo wo òkè, mi ò rí èéfín. Ṣé o fẹ́ pa mí ni?"

"Murray ló la igi yìí."

"Mo mọ̀ pé òun ni. Kí lo rò pé ó là á fún? Ká gbé e kalẹ̀ ká máa wò ó?" Ó ti kúnlẹ̀ sídìí ààrò, ó ń to igi. "Sún mọ́bí. Ọwọ́ ẹ ti dúdú."

Nígbà tí iná ràn, Noelene fa àga kan, ó jókòó láì bọ́ kóòtù. Glenys sọ̀kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó jókòó sórí àga kejì. Tábìlì wà láàárín wọn.

"Kí ló ń ṣe níbí, Noelene? Mo ti fi ọdún mẹ́tàdínlógójì rò pé èmi ló ń sá fún."

"Ó ní kí n má sọ."

"Ó ti kú."

Noelene fi àtẹ́lẹwọ́ nu eruku orí tábìlì.

"Ibi tó o jókòó sí yìí ni ilé àtijọ́ wà kí a tó wó o. Bàbá mi ló ń tọ́jú ẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta gòkè wá wo yìnyín láti ọ̀dọ̀ yín. Murray wà nínú wọn. Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ń lọ. Oòrùn mú lọ́jọ́ yẹn, ojú ọ̀run mọ́ bí àwo. Igi ti tán nínú àpótí, Murray ló kàn láti là á. Ó ní, 'Ta ló ń bọ̀?' Wọ́n wọkọ̀, wọ́n lọ."

Glenys wo igi tó ń jó nínú ààrò.

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ìjì dé. Ọmọ Rigney wọlé, ó rin gbindin. Ó jó ẹsẹ̀ àga, ó jó ìwé àlejò. Ìyẹn ò tó nǹkan. Bàbá mi bá ìṣáná nílẹ̀, ó tú ká, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ ni kò tíì ṣá. Ìka ọmọ náà ò lè mú un mọ́. Bí òtútù bá ti mú ọ dé ibì kan, o ò lè ṣí páálí, ká má tiẹ̀ sọ pé kó o mú ẹyọ kan."

"Kò sẹ́ni tó sọ orúkọ ẹni tó wà níbẹ̀ gbẹ̀yìn."

"Báwo ni wọ́n á ṣe mọ̀? Inú ìwé àlejò ni orúkọ wọn wà. Ó ti jó. Murray ló wá fúnra ẹ̀ níparí oṣù yẹn. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà bàbá mi, ó ní, 'Èmi ni.' Bàbá mi ò bú u. Ó wọlé, ó gbé àáké fún un. Murray la igi títí ilẹ̀ fi ṣú. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ó tún wá, a ò ránṣẹ́ pè é. Igi ilé márààrún, Glenys, ọ̀sẹ̀ kan péré. Mo ti sọ fún un pé ó tó gẹ́ẹ́, ó ní kéèkì ni kí n máa jẹ."

"Kí ló dé tí kò sọ fún mi?"

"Èmi náà bi í. Ó ní, 'Glenys ti dáhùn kí n tó bi í.' Mi ò mọ ohun tó túmọ̀ sí."

Glenys mọ̀ ọ́n. Kò sọ ọ́ fún Noelene. Ó bá a dé ẹnu ọ̀nà, ó wò ó títí ó fi wọlé tirẹ̀, lẹ́yìn náà ó padà wá jókòó sórí àga kan náà.

Oṣù Kẹjọ ọdún yẹn ni, nínú ilé ìdáná ìyá rẹ̀. Ìgbà kejì tí Murray wá jẹun níbẹ̀ ni, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ funfun, irun rẹ̀ ṣì tutù. Ìyá rẹ̀ dá ọ̀rọ̀ ọmọ Rigney sílẹ̀, kò sílé tí wọn ò ti ń sọ ọ́ nígbà náà. Glenys ń bu ọbẹ̀ ẹran àgùntàn sí àwo. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni, gbogbo nǹkan dá a lójú. Ó ní, "Ẹni tó fi àpótí yẹn sílẹ̀ lófìfo, ẹnikẹ́ni tó bá jẹ́, èmi ò lè bá a jókòó jẹun nídìí tábìlì kan láéláé." Ó sì gbé àwo náà síwájú Murray. Murray wo àwo. Ó mú ṣíbí, ó jẹun, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá Glenys.

Ẹyin lohùn, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ni. Èyí ò fọ́. Murray ló gbà á kó tó balẹ̀, ó sì gbé e láti ìgbà náà lọ, ní ìdí tábìlì wọn, láàárọ̀ àti lálẹ́, títí di oṣù Kejì. Òun tó sọ ọ́ ti gbàgbé rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí.

Ó jókòó títí iná fi fẹ́ kú. Ó dìde, ó sọ igi kan sí i, ó tún sọ òmíràn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó lọ kan ilẹ̀kùn Noelene.

"Àáké yẹn dà?"

Noelene wo apá rẹ̀ láti òkè délẹ̀. "Oúnjẹ ọmọ ilé ìwé ni wọ́n ní ò ń sè."

"Mo máa ń gbé ìkòkò."

"Ìkòkò kì í ta padà sí ni lójúgun." Ṣùgbọ́n ó gbé e wá, ó sì dúró tì í. "Má wo àáké. Igi ni kó o máa wò. Rárá, ibi tó ti sán. Òun fúnra ẹ̀ ti sọ ibi tó fẹ́ là sí fún ọ."

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló ju ú, kò kàn án. Ẹ̀ẹ̀kẹrin, àáké wọ inú igi, kò sì jáde mọ́. Noelene jókòó sórí kùkùté kan, ó ń jẹ kéèkì.

"Ọdún àkọ́kọ́ tí Murray wá, bó ṣe ṣe náà nìyẹn," ó ní. "Bàbá mi rò pé igi ló fẹ́ lù pa."

Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, ó ti la mọ́kànlá. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ wú, ó fi áńkáṣíìfù wé e, ó tún bẹ̀rẹ̀. Títí di ọjọ́ Ẹtì, ohun tó là kò tó ìlàjì igi ilé kan. Ó tò ó sí apá òfìfo nínú àká, kò gún. Ó fi ẹfun kọ ọdún tí wọ́n wà nínú rẹ̀ sára òpó kejì.

Ó pe Bronwyn láti ẹnu géètì, níbi tí fóònù ti ń ṣiṣẹ́.

"Mọ́mì, ṣé ẹ ti rí ohun tí ẹ wá lọ?"

"Ó ń la igi."

"Igi kẹ̀? Fún gbogbo ọdún wọ̀nyí? Kí ni Dádì ń fi igi ṣe?"

"Wá jẹun lọ́jọ́ Àìkú. Ìdí tábìlì ni mo ti máa sọ ọ́."

"Ṣé nǹkan burúkú ni?"

Glenys wo ìsàlẹ̀. Èéfín ń rú lórí ilé kẹta. "Wá ná," ó ní. "Se ọ̀dùnkún dání."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé, ó di ẹrù rẹ̀. Noelene ti sọ pé tọkọtaya kan ń bọ̀ láti Launceston lọ́sàn-án, wọn kò wá síbẹ̀ rí. Glenys gbá eérú inú ààrò. Ó fi ìwé ìròyìn sísàlẹ̀, ó fi igi wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ lé e, ó to èyí tó nípọn sórí. Ó lọ sí àká ní ẹ̀ẹ̀mẹ́fà, ó ń ru igi èṣí wọlé sórí apá tó ń ro ó, títí àpótí fi kún dé ẹnu. Ẹyọ kan ṣẹ́kù. Ó gbé ọ̀kan yẹn sókè, ó wò ó, ó sì rọra tì í bọ àárín àwọn yòókù.

Oòrùn ti yọ. Ó mọ́lẹ̀ lórí adágún, ojú ọ̀run ò ní ìkùukùu kankan.

Ó wọ kóòtù àti ìbọ̀wọ́, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó tún padà. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ ọ̀tún. Páálí ìṣáná wà lórí pẹpẹ òkè ààrò, ní pípa dé, bí òun fúnra rẹ̀ ti pa á dé lánàá. Ó mú un. Ó fà á ṣí dé ìdajì, ó fa ẹyọ kan yọ síta, orí rẹ̀ kọjú sí ẹnu ọ̀nà, ó sì gbé e sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.